Eyín iwájú mi: ṣé dandan ni ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ yí yìí?

Tísà Ìkirè:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mo ní ìbéèrè kan fún ẹni tó bá mọ̀ nípa eyín.

Eyín iwájú mi kan lókè ni. Bọ́ọ̀lù ló gbá a nígbà tí mo wà ní girama, ó sì ń dúdú díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ṣe root canal sí i, ìyẹn ni pé wọ́n fọ inú gbòǹgbò rẹ̀, wọ́n sì dí i, wọ́n ki irin kékeré kan bọ inú gbòǹgbò náà, wọ́n wá fi crown, ìbòrí tó rí bí eyín, bò ó. Ó ṣe dáadáa, mo ń fi ya ẹran. Láti bí ọdún kan wá ni nǹkan kan ti ń yọ ní erìgì lókè eyín náà, bí irorẹ́. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, ọyún díẹ̀ á jáde, á sì pòórá. Kò ní pẹ́, á tún yọ. Kì í dùn mí rárá, àmọ́ ó ń mú ẹnu mi rùn. Ìyàwó mi ló sọ ìyẹn fún mi, kò sì fi bò.

Dókítà ya X-ray, ó ní òkùnkùn wà ní ṣóńṣó gbòǹgbò. Ó ní àwọn ò lè gba inú crown wọlé mọ́ nítorí irin yẹn, pé tí àwọn bá fi agbára fà á, gbòǹgbò lè là. Ó ní àwọn á la erìgì níwájú, àwọn á gé ṣóńṣó gbòǹgbò kúrò, àwọn á dí ibi tí àwọn gé. Títí dé ibẹ̀, ó yé mi. Èyí tí kò yé mi ni pé wọ́n fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ lápá mi, wọ́n á yí i nínú ẹ̀rọ, wọ́n á kó ohun tó bá dì nínú rẹ̀ sí ihò egungun kí ó lè tètè jinná. PRF ni wọ́n pè é. Owó rẹ̀ dá dúró, ó sì tó ìdajì owó iṣẹ́ abẹ náà.

Ṣé dandan ni? Ọmọ ọdún 52 ni mí, mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, mo sì ń lo aspirin kékeré lójoojúmọ́. Màmá mi tó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ ní kí n má fún ẹnikẹ́ni lẹ́jẹ̀ mi, pé ta ló mọ ibi tí wọ́n ń gbé e lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín.

Bọ̀dá Dúgbẹ̀:

Tísà, ẹ yọ ọ́ dànù. Eyín tó ti kú láti girama, kí lẹ tún ń náwó lé lórí? Èmi ti yọ mẹ́ta, mo ṣì ń fọ́ eegun. Àwọn dókítà ìsinsìnyí, bí wọn ò bá rí nǹkan kan fi gbowó, wọ́n á ní àwọn fẹ́ yí ẹ̀jẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Eléyín:

Bọ̀dá Dúgbẹ̀, ẹ rọra o. Ẹ̀yìn ọ̀hún lọ́hùn-ún lẹ ti yọ eyín tiyín, kò sẹ́ni tó ń rí i. Tísà tó ń dúró níwájú kíláàsì lójoojúmọ́, ẹ ní kó lọ yọ eyín iwájú.

Tísà, ẹ kú ìrọ́jú. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn eyín aládàáni kan ní Ìbàdàn. Èmi gan-an ni mo máa ń gba ẹ̀jẹ̀ yẹn, èmi ni mo sì ń yí i. Ẹ mọ̀ pé n kò ní bú ẹ̀rọ tó ń fún mi lóúnjẹ. Síbẹ̀, tí ẹ bá bi mí pé ṣé dandan ni, kì í ṣe dandan. Ohun tó máa pinnu bóyá eyín yẹn á dúró kò sí nínú ìgò ẹ̀jẹ̀.

Ẹ wò ó. Irorẹ́ yẹn kì í ṣe àìsàn erìgì. Ojú ihò tí ọyún ń gbà jáde ni. Kòkòrò tó sá pamọ́ sí ṣóńṣó gbòǹgbò ló ń fa ọyún, egungun tó yí ibẹ̀ ká sì ti jẹ, òun ni òkùnkùn inú X-ray. Ihò inú gbòǹgbò kì í ṣe ọ̀nà tààrà kan ṣoṣo. Tó bá ti ń dé ṣóńṣó, ó máa ń ya ẹ̀ka wẹ́wẹ́ tí irinṣẹ́ root canal kò lè wọ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń gé mìlímítà 3 kúrò nìyẹn, torí inú mìlímítà 3 tó kẹ́yìn yẹn ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹ̀ka náà wà. Tí wọ́n bá gé e tán, wọ́n á fi irinṣẹ́ ultrasonic tẹ́ẹ́rẹ́, èyí tó ń gbọ̀n wìrìwìrì, gbẹ́ inú gbòǹgbò tó kù ní mìlímítà 3, wọ́n á sì dí i pa. MTA ni ọ̀pọ̀ dókítà fi ń dí i. Sìmẹ́ńtì gidi ni, ẹbí èyí tí bíríkìlà ń pò, àmọ́ wọ́n ti ṣe é kí ó lè wọ ara ènìyàn. Mahmoud Torabinejad àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Loma Linda, ní Kalifóníà, ló gbé e jáde ní 1993. Ọ̀rinrin kì í dí i lọ́wọ́ láti le, ẹnu sì rèé, kò síbi tó tutù tó o.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà, Tísà. Tí wọ́n bá dí i dáadáa, egungun á padà hù fúnra rẹ̀. Tí wọn ò bá dí i dáadáa, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ gbogbo ará ilé yín kún ihò yẹn, ọyún á tún yọ.

Ní 2010, Frank Setzer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Pennsylvania kó èsì ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ. Iṣẹ́ abẹ ti àtijọ́, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ lásán gbẹ́, tí wọ́n ń fi amalgam, àdàlù irin tí wọ́n fi ń dí eyín, dí i, eyín 59 nínú 100 ló yọrí sí rere. Ti òde òní, tí wọ́n ń fi microscope wo ojú ibẹ̀, tí wọ́n ń lo ultrasonic àti MTA tàbí irú rẹ̀, 94 nínú 100. Kì í ṣe PRF ló gbé e láti 59 dé 94.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n wá sọ nípa ẹ̀jẹ̀ náà, torí ohun tí èèyàn ò bá rí rí ló máa ń bà á lẹ́rù. Ẹ̀jẹ̀ tí à ń gbà kò pọ̀: ìgò kéékèèké díẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba mìlílítà 9 tàbí 10. Kò sí oògùn kankan nínú ìgò tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, nítorí náà eré ni mo máa ń sá. Bí abẹ́rẹ́ ṣe ń kúrò lápá ni mo ti wà nídìí ẹ̀rọ, torí láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì ẹ̀jẹ̀ á ti máa dì síbi tó wà. Màá fi ìgò kọjú síra kí ẹ̀rọ má baà máa gbọ̀n. Ní tiwa, ìyípo 2700 ní ìṣẹ́jú kan ni, fún ìṣẹ́jú 12. Àwọn mìíràn ń yí i ní pẹ̀lẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìlànà pọ̀. Tí NEPA bá mú iná lọ kí ó tó parí, ẹ̀jẹ̀ yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn, kò ṣeé tún yí, àfi kí n padà lọ bẹ aláìsàn fún òmíràn. Inverter ló ń gbé ẹ̀rọ náà ní ọ́fíìsì wa, n kò fọkàn tán ẹlòmíràn.

Tí mo bá yọ ọ́, ìpele mẹ́ta lẹ máa rí. Pupa wà nísàlẹ̀, omi fẹ́ẹ́rẹ́ wà lókè, àárín wọn ni ohun tí à ń wá. Ó dì, ó ń yọ̀, ó rí bí ara àgbọn tí kò tíì gbó. Màá fi ẹ̀mú fà á jáde, màá gé pupa ìdí rẹ̀, àmọ́ n kì í gé e tán. Ibi tí pupa ti pàdé ìyókù ni platelet, ìyẹn wóró inú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú kí ó dì, àti sẹ́ẹ̀lì funfun pọ̀ sí jù lọ, ẹni tó bá gé e mọ́ tónítóní ti gé èrè iṣẹ́ dànù. Lẹ́yìn náà, ó di inú àpótí irin kékeré kan tó ní ìdérí wíwúwo. Ìdérí á tẹ̀ ẹ́, omi rẹ̀ á ro sísàlẹ̀, ìyókù á di awẹ́ pẹlẹbẹ tó yi, tí dókítà lè fi àlùmọ́gàjí gé. Tí MTA bá ti wọlé, dókítà á ki PRF díẹ̀ sínú ihò egungun, á tẹ́ awẹ́ kan lé e lórí, á da erìgì bò ó, á sì rán an.

Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé àwọn platelet yẹn ń tú ohun tó ń pe sẹ́ẹ̀lì àti òpó ẹ̀jẹ̀ tuntun wá sí ojú ọgbẹ́, ohun tó dì yẹn sì di í mú kí ó má tú jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ń tú u jáde díẹ̀díẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀. Joseph Choukroun, dókítà kan ní ilẹ̀ Faransé, ló gbé PRF jáde ní 2001. PRP, irú ẹ̀jẹ̀ yíyí mìíràn, ló wà ṣáájú, èyí tí Robert Marx ní Amẹ́ríkà sọ di olókìkí ní 1998. Ìyẹn le díẹ̀: wọ́n á fi oògùn sí ẹ̀jẹ̀ kí ó má dì, wọ́n á tún wá fi thrombin ara màlúù mú un dì. PRF ò fẹ́ ìkankan nínú méjèèjì, ẹ̀jẹ̀ yín nìkan ni.

Ṣé ó wá ń ṣiṣẹ́? Fún erìgì àti ìrora ọjọ́ àkọ́kọ́, àwọn ìwádìí kéékèèké kan sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí ojú tèmi náà sì rí nìyẹn: ojú rírán tètè ń pa dé. Fún egungun ńkọ́? Ní Rohtak, ní Íńdíà, wọ́n kó èèyàn 30 jọ, àwọn tí tiwọn burú ju tiyín lọ, tí egungun iwájú gbòǹgbò wọn ti jẹ láti òkè délẹ̀. Wọ́n fi PRF sí ìdajì, wọn ò fi sí ìdajì kejì. Èsì rẹ̀ jáde ní 2015. Lẹ́yìn ọdún kan, 13 nínú 15 ló dára lọ́dọ̀ àwọn tó gba PRF, 12 nínú 15 lọ́dọ̀ àwọn tí kò gbà á. Èèyàn kan ṣoṣo ló fi yàtọ̀! Tí ẹ bá gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé láìsí PRF egungun yín ò ní hù, ọjà ló ń tà.

Nítorí náà, kí ẹ tó san owó ẹ̀jẹ̀, ẹ béèrè èyí lọ́wọ́ dókítà yín. Ṣé microscope ni wọ́n máa fi wò ó àbí ojú lásán? Ṣé wọ́n ní irinṣẹ́ ultrasonic? Kí ni wọ́n máa fi dí i? Èyí tó sì jẹ mí lógún jù nípa tiyín: ṣé wọ́n ti fi irin tín-ín-rín wọn erìgì yí eyín náà ká? Gbòǹgbò tó ní irin nínú lè ti là láìmọ̀. Tí irin ìwọ̀n bá rì wọlé jinlẹ̀ ní ojú kan ṣoṣo, tí kò sì rì níbòmíràn, àfàìmọ̀ kó má ti là. Gbòǹgbò tó là kò sí ẹni tó lè dí i. Nígbà náà, Bọ̀dá Dúgbẹ̀ ló jàre.

Tí ẹ bá ní owó tó kù lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ fi ya CBCT, X-ray tó ń fi eyín àti egungun hàn láti gbogbo ẹ̀gbẹ́. X-ray lásán ń fi nǹkan pamọ́.

Tísà Ìkirè:

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run á bùkún iṣẹ́ yín. Kò sẹ́ni tó wọn erìgì mi o, X-ray nìkan ni wọ́n yà. Mo máa padà lọ béèrè. Aspirin mi ńkọ́? Ṣé kí n ti dá a dúró? Ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ màmá mi náà, wọ́n tún ti pè mí láàárọ̀ yìí.

Àbẹ̀kẹ́ Peckham:

Ẹ kú àárọ̀ o. Wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún mi níbí ní London, eyín ẹ̀yìn lókè. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe é kò le rárá, mo tiẹ̀ ń yangàn. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo wo dígí: ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti wú dé abẹ́ ojú, ó tún wá dúdú. Ìpàdé ibi iṣẹ́ wà lórí Zoom, mo pa kámẹ́rà, mo ní íntánẹ́ẹ̀tì mi ò dára. Mo ń fi yìnyín tí mo fi aṣọ wé lé e. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan ó ti rọlẹ̀, nígbà tí wọ́n sì ya X-ray lẹ́yìn ọdún kan, egungun ti kún ibẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣe tiẹ̀ ní Houston pẹ̀lú PRF, eyín iwájú, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ wú. Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Nọ́ọ̀sì Eléyín:

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yín yan yín jẹ o. Eyín ẹ̀yìn àti eyín iwájú kì í wú bákan náà, pẹ̀lú PRF tàbí láìsí i.

Tísà, ẹ má dá aspirin dúró fúnra yín. Dókítà tó kọ ọ́ fún yín nìkan ló lè sọ bẹ́ẹ̀, aspirin kékeré kì í sì í sábà dá irú iṣẹ́ abẹ yìí dúró. Ẹ ṣáà sọ fún wọn pé ẹ ń lò ó. Àwọn tó ń fún mi níṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ni àwọn tó ń lo warfarin àti irú rẹ̀, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, ẹ̀jẹ̀ wọn kì í tètè dì nínú ìgò. Ẹ̀jẹ̀ ríru yín ló ń jẹ mí lọ́kàn ju aspirin lọ. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń mú ẹnu kú ní adrenaline nínú, tó lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, dókítà sì nílò rẹ̀ kí ojú ibẹ̀ lè gbẹ. Ihò tó bá kún fún ẹ̀jẹ̀, microscope ò lè rí nǹkan kan nínú rẹ̀, MTA ò sì ní jókòó dáadáa. Nítorí náà ẹ lo oògùn BP yín láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ jẹun, kí wọ́n sì wọn yín kí wọ́n tó gún yín lábẹ́rẹ́. Tí ó bá ga, ẹ padà sílé, ẹ má bá wọn jiyàn.

Ní ti màmá, ẹ má bínú sí wọn. Mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn aláìsàn wa déédéé, àwọn tó kàwé gan-an wà lára wọn. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ náà kò jáde nínú yàrá. Inú yàrá iṣẹ́ abẹ ni ẹ̀rọ wà, ẹ ní kí wọ́n yí i lójú yín. Kí wọ́n kọ orúkọ yín sára ìgò, pàápàá tí ẹlòmíràn bá tún ń gba PRF lọ́jọ́ yẹn. Bàbá àgbà kan béèrè lọ́wọ́ mi nígbà kan pé, "Pupa tẹ́ ẹ gé kúrò ńkọ́?" Mo fi hàn wọ́n nínú ìgò, mo sì ju ìgò náà sínú àpótí abẹ́rẹ́ níṣojú wọn. Wọ́n wo àpótí yẹn títí mo fi dè é lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó la ẹnu fún dókítà.

Tísà Ìkirè:

Mo ti padà lọ. Wọ́n wọn erìgì náà yí ká, kò rì jinlẹ̀ níbì kankan, wọ́n ní ìyẹn dára. Mo béèrè microscope. Dókítà náà kò parọ́ fún mi, ó ní awò tí wọ́n ń dè mójú ni òun ní, tó ń mú nǹkan tóbi díẹ̀, kì í ṣe microscope. Ó wá kọ ìwé fún mi sí onímọ̀ kan ní ilé ìwòsàn ńlá kan tó ní i. CBCT ni mo máa kọ́kọ́ yà. Owó PRF ṣì wà lápò mi. Tí ó bá kù lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, mo lè ṣe é nítorí wíwú yẹn, torí ìdánwò àwọn ọmọ ti sún mọ́lé, n kò fẹ́ dúró níwájú wọn pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàlàbàlà. Màmá ní kí n pe àwọn lórí fóònù tí wọ́n bá ń yí i.

Bọ̀dá Dúgbẹ̀:

Ó dáa náà. Tí ọyún bá tún yọ, ẹ mọ ibi tí mo wà.

Nọ́ọ̀sì Eléyín:

Ẹ ṣe dáadáa, Tísà, dókítà tó sọ ohun tí kò ní fún yín, ẹ má sọ nọ́ńbà rẹ̀ nù. Ẹ gba ẹ̀dà CBCT náà sórí fáìlì, ẹ má fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. X-ray oṣù mẹ́fà àti ti ọdún kan ni wọ́n máa fi wé e, bí ó bá sì jẹ́ pé òkùnkùn kò tíì kún tán lọ́dún kan, wọ́n lè máa ṣọ́ ọ lọ fún ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin kí wọ́n tó sọ pé ó kùnà. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àmàlà àti ẹ̀kọ tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ nìkan, ẹ má mu nǹkan gbígbóná lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má fi ètè òkè ṣeré rárá: kò sí pé à ń fà á sókè nídìí dígí láti wo okùn tí wọ́n fi rán an. Ọ̀pọ̀ okùn tó tú, ọwọ́ aláìsàn fúnra rẹ̀ ló tú u.